Ìjàpá àti Ilẹ̀kùn Gáréèjì

Apàlọ́: Àlọ́ o!
Agbálọ̀ọ́: Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àti àwọn ẹranko tí wọ́n jọ ń gbé létí òkun.

Ní ìgbà kan, owó dé sí ìlú àwọn ẹranko, kálukú sì ra mọ́tò. Ibi tí mọ́tò bá pọ̀ sí, Ọ̀bọ kì í jìnnà síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á yọ dígí ẹ̀gbẹ́, á yọ bátìrì, á sì gun igi lọ. Ọjọ́ tó yọ dígí mọ́tò Kìnnìún, ọba pàṣẹ pé kí gbogbo onímọ́tò kọ́ gáréèjì sínú ọgbà rẹ̀, kí ó sì fi ilẹ̀kùn gidi sí i.

Akókó ni káfíńtà ìlú. Erin ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè é. Akókó wọn ọgbà, ó rí i pé àyè gbòòrò wà níwájú gáréèjì. Ó ní, "Bàbá, ilẹ̀kùn ìrókò alápá méjì tó ń ṣí síta ló yẹ yín. Kò bèèrè iná, kò bèèrè ẹ́ńjìnì. Ẹ ṣáà máa fi epo sí híńjì rẹ̀." Erin gbà, ó sì ń lò ó di òní.

Àgbọ̀nrín rí ti Erin, ó ní irú rẹ̀ lòun náà fẹ́. Akókó ní, "Ojú títì gan-an ni gáréèjì tiyín kọjú sí. Bí èyí bá ṣí síta, ẹ ti dí ọ̀nà nìyẹn." Àgbọ̀nrín ní owó ta ni? Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣí i, apá ọ̀tún ilẹ̀kùn gbá Ewúrẹ́ alákàrà, àkàrà fọ́n ká sínú gọ́tà. Títí dòní ni Àgbọ̀nrín ń san owó àkàrà.

Ejò ní tirẹ̀ gbọ́rọ̀. Àyè kò sí níwájú rẹ̀, Akókó wá ní kí ó ra èyí tó ń ká ara rẹ̀ sókè àtẹ́rígbà, irú tí àwọn onísọ́ọ̀bù ń fà bolẹ̀ lálẹ́. Ó ní, "Ẹ má ra irin lásán o. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun yóò jẹ ẹ́. Alumíníọ̀mù ni kí ẹ rà." Ejò ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì kábàámọ̀, àfi ti ariwo rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìyàwó Ejò ti ń mọ aago tí ọkọ rẹ̀ ń wọlé lóru.

Ìjàpá kò ní mọ́tò. Kẹ̀kẹ́ pàápàá, kò ní. Síbẹ̀ ó ní òun yóò kọ́ gáréèjì. Yánníbo bi í pé, "Olówó orí mi, kí lẹ fẹ́ gbé síbẹ̀?"

Ìjàpá ní, "Ilẹ̀kùn làwọn èèyàn ń rí lójú títì. Ta ni yóò wọlé wá ka mọ́tò?"

Ó bá lọ yá owó lọ́wọ́ Ẹlẹ́dẹ̀, ó sì gba ọ̀dọ̀ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ oníṣòwò lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ti àwọn ẹni ńlá rèé. C. G. Johnson ló gbé ilẹ̀kùn tó ń fò sókè jáde ní Amẹ́ríkà ní 1921. Nígbà tó di 1926, ó fi ẹ́ńjìnì oníná sí i. Pátákó mẹ́rin la fi híńjì so pọ̀ yìí, táyà kéékèèké ń gbé e gun ojú irin, á wá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ lábẹ́ àjà. Ẹ̀yin á kàn máa tẹ rìmóòtù ni." Itọ́ ń dà lẹ́nu Ìjàpá.

Nígbà tí Akókó wá wo ibi iṣẹ́, ó mi orí. "Ọ̀gá Ìjàpá, irú èyí ń fẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín àtẹ́rígbà àti àjà. Àjà tiyín ti wálẹ̀ jù." Ìjàpá fi owó Ẹlẹ́dẹ̀ ká òrùlé, ó gbé e sókè.

Akókó tún ní, "Ẹ fetí sí mi. Sípíríǹgì ló ń ru ilẹ̀kùn yìí, ẹ́ńjìnì kàn ń tì í ni. A ní láti wọn ilẹ̀kùn ká tó mọ sípíríǹgì tó bá a mu. Ojúlówó a máa ṣí, a máa tì, tó ìgbà 10,000 kó tó rẹ̀ ẹ́." Ìjàpá gbọ́ iye rẹ̀, ó ní òun yóò fúnra òun rà á. Ìdí àwọn tó ń ta irin àlòkù ló lọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, Akókó fọwọ́ kan ojú iná méjì tó kọjú síra lẹ́bàá ilẹ̀. "Ọmọdé ni ilẹ̀kùn ń tẹ̀ pa lọ́hùn-ún tí òfin Amẹ́ríkà fi ní kí irú ààbò báyìí máa wà láti 1993. Bí nǹkan bá gba àárín wọn, ilẹ̀kùn yóò padà sókè. Ṣùgbọ́n ínṣì mẹ́fà ni wọ́n fi ga sí ilẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Ìjàpá fárí gá. "Ṣé o ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo kúrú ni? Jáde!"

Ọjọ́ ìṣílé pé. Wọ́n dá aṣọ ẹbí, ìlù ń dún. Ìjàpá wà nínú gáréèjì, ó tẹ rìmóòtù, ilẹ̀kùn gòkè, ìlú pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ bẹjú wonú, ẹní kan péré ló wà ńlẹ̀. Kí wọ́n tó rí i dáadáa, Ìjàpá ti tẹ rìmóòtù pé kí ó tì, òun náà sì forí lé ìta. Ṣé ìrìn Ìjàpá la ò mọ̀ ni? Ojú iná méjèèjì ń wo ara wọn kọjá lókè orí rẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Ilẹ̀kùn bà lé e lẹ́yìn. Ibi tí ì bá ti padà sókè, wọ́n mú iná lọ. Orí Ìjàpá wà níta, ìdí rẹ̀ wà nínú ilé. Ló bá figbe orin bẹnu:

Lílé: Erin, ọmọ Àjànàkú, ẹ gbà mí
Ègbè: Kìrìkìrì gbàgà!
Lílé: Ilẹ̀kùn olówó gorí olówó
Ègbè: Kìrìkìrì gbàgà!
Lílé: Iná ti lọ, rìmóòtù kú
Ègbè: Kìrìkìrì gbàgà!
Lílé: Okùn pupa ń bẹ lókè, ọwọ́ mi ò tó o
Ègbè: Kìrìkìrì gbàgà!
Lílé: Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí Ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́
Ègbè: Kìrìkìrì gbàgà!

Ẹlẹ́dẹ̀ wà láàárín àwọn tó ń gbè é. Akókó ṣàánú rẹ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó fò lọ bà sídìí okùn pupa tí wọ́n fi ń tú ilẹ̀kùn kúrò lára ẹ́ńjìnì. Ó ní, "Bí mo bá fa okùn yìí, sípíríǹgì nìkan ni yóò kù tó di ilẹ̀kùn mú. Ọ̀gá Ìjàpá, ṣé èyí tí mo ní kí ẹ rà lẹ rà?"

Gbogbo ìlú dákẹ́. Ìjàpá wo Kìnnìún, ó wo Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó wo àwọn àna rẹ̀ nínú aṣọ ẹbí. Ó ní, "Òun gan-an ni! Ojúlówó!"

Akókó fa okùn. Sípíríǹgì àlòkù já, ilẹ̀kùn já lulẹ̀ gbàgà! Igbá ẹ̀yìn Ìjàpá fọ́ yángá-yángá. Èèrà àti aáyán ló bá a tò ó pọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti tò ó kò parẹ́ títí dòní.

Ẹ ó rò pé ìlú á gbọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èrò kún ilé ìtajà Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tó lè fọ́ igbá Ìjàpá, Ọ̀bọ wo ló lè ṣí i? Kò sí ẹnì kan tó bèèrè sípíríǹgì.

Ẹ̀kọ́ àlọ́ yìí ni pé ohun tí ayé ń rí lára ilẹ̀kùn kọ́ ló ń gbé e dúró.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Bí n kò bá purọ́, kí ó ró lẹ́ẹ̀mẹ́ta: pó, pó, pó!