Ẹ Kú Owó Ilé o, Ará Abẹ́òkúta

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹ lọ wí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, kí ẹ gbọ́ ẹ̀rín. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé àtijọ́ ní Ìtòkò tàbí Aké, kó mú sùúrù dání mọ́ owó. Olórí ẹbí á buwọ́ lùwé, àwọn àgbà ẹbí á tẹ̀ka. Ìgbà tí owó bá wọ àpò tán ni ẹ̀gbọ́n kan á pè láti Lọ́ńdọ̀n pé òun ò gbọ́ sí i. Kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀dà pupa ti ń ṣàn lára ògiri: "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ O! Ẹ ṢỌ́RA FÚN 419."

Ẹ ní ilẹ̀ òfìfo lẹ máa rà? Ẹ kú oríire. Ní 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò nílé sá di Olúmọ mú, àpáta sì gbà wọ́n. Ìdílé àpáta yẹn ṣì pọ̀ nínú ilẹ̀. Bíríkìlà á sọ dígà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, iná á ṣẹ́ pàrà, á nu òógùn ojú: "Ọ̀gá, òkúta ni o. Owó iṣẹ́ ti yàtọ̀."