Mùsíọ́ọ̀mù Tó Ṣi Ojú Ogun Mọ̀

Mùsíọ́ọ̀mù ogun, ìyẹn ilé tí wọ́n kó ohun ìjà, aṣọ ogun, àwòrán àti àkọsílẹ̀ ogun kan sí kí ará ìlú lè máa sanwó wò wọ́n, wà lára àwọn ibi tí ọmọ Òkè-Ògùn tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń mú àlejò tó ti ilé wá lọ, pàápàá nígbà tí òjò kò bá jẹ́ kí wọ́n lọ sí etí òkun, tí ọjà rírà sì ti ń ná owó kọjá ohun tí ẹni tó gba àlejò rò. Èyí tí wọ́n kọ́ sí Ambion Hill, nítòsí ìlú Leicester, ni àròkọ yìí fẹ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ Àhoro Òkèhò ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí ìtàn ogun kò ti wọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kì í já tíkẹ́ẹ̀tì fún àlejò. Òkè ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe Ambion, a ó sì bá wọn pè é bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ti gun òkè Adó-Àwáyé rí yóò ti dé orí rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ń gun nǹkan.

Ogun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ilé náà ni ogun Bosworth, tí Richard Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá Henry Tudor jà ní ọjọ́ 22, oṣù kẹjọ, ọdún 1485. Richard kú sójú ogun, kò sì sí ọba Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó kú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Henry gba adé, ìdílé Tudor sì gun orí oyè. Ní ọdún 1974 ni ìjọba ìbílẹ̀ Leicestershire ṣí ibẹ̀ fún àwọn olùbẹ̀wò, tí wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ káàkiri orí òkè náà, tí wọ́n ta àsíá Richard sókè, tí wọ́n sì ri pátákó mọ́lẹ̀ láti fi han àlejò ibi tí ọba dúró sí àti ibi tí ọ̀tá ti yọ sí i. Gbogbo rẹ̀ tò, gbogbo rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, àfi pé ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ja ogun náà. Àwọn awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń wá ẹ̀rí ìtàn nínú ilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 2005, nígbà tó sì fi di 2009, wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ ọta àgbá olójé nínú àwọn oko kan tó fi nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta jìnnà sí mùsíọ́ọ̀mù, pẹ̀lú àmì kékeré onífàdákà tí wọ́n fi wúrà bò, tí wọ́n ṣe ní àwòrán ìmàdò, ẹranko tí Richard fi ṣe àmì ara rẹ̀. Fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, nígbà náà, àwọn ènìyàn ti ń sanwó, wọ́n ń ṣí fìlà, wọ́n sì ń ya fọ́tò níbi tí ogun náà kò dé.

Mùsíọ́ọ̀mù náà kò kó kúrò. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà sára ògiri, wọ́n gbé ìmàdò onífàdákà sínú gíláàsì, èrò sì ń wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ní Òkè-Ògùn ni baálé kan ti mú àlejò lọ sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ogun bàbá rẹ̀, tó sì gba owó lé e, ẹjọ́ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò dà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ìyá tó ti Ṣakí wá tọ́jú ọmọ-ọmọ kì í sábà bìkítà fún ọta òjé. Ohun tí yóò bèèrè ni ibi tí wọ́n sin ọba sí, ìdáhùn ìbéèrè yìí kì í sì í rọrùn lẹ́nu ọmọ tó mú un wá. Inú ilé ìsìn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Leicester ni wọ́n sin Richard sí, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wó ilé ìsìn náà ní ayé Henry Kẹjọ, kò pẹ́ tí ojú ibojì náà fi sọnù, títí di 2012 tí wọ́n bá egungun rẹ̀ lábẹ́ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé ọkọ̀ sí, nítòsí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà kọ lẹ́tà R sílẹ̀ láti fi hàn pé àyè ọkọ̀ náà ní ẹni tó ni ín. "Ọba wàjà, ẹ wá ń gbé mọ́tò lé e lórí?" ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ yóò wí, kò sì sí ohun tí a lè sọ láti gbèjà àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí èyí, nítorí pé ní Ọ̀yọ́ Ilé, Bàrà ni wọ́n ń sin àwọn Aláàfin sí, Ìyámọdẹ sì wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa tọ́jú wọn. Láti rí i dájú pé ọba ni egungun náà, Yunifásítì Leicester fi DNA, ìyẹn àmì àjogúnbá tó wà nínú ara ènìyàn, wé ti oníṣẹ́ igi kan tí wọ́n bí ní Kánádà, tó ti ìran ẹ̀gbọ́n ọba náà obìnrin wá. Oríkì orílẹ̀ ni ì bá ṣe iṣẹ́ yìí ní Òkè-Ògùn, kì bá sì nílò yàrá àyẹ̀wò kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ akígbe oríkì níwájú lè má kéré jù.

Ibi tí àlejò láti ilé ti máa ń fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn jù ni ti ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan tí wọ́n ní ẹbí Richard ni àwọn, tí wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Plantagenet Alliance, gba ilé ẹjọ́ gíga lọ pé York ló yẹ kí wọ́n sin ín sí; ilé ẹjọ́ kò dá wọn láre ní oṣù karùn-ún 2014, wọ́n sì sin ín sí kàtídírà Leicester ní ọjọ́ 26, oṣù kẹta, 2015. Ìjà ẹbí lórí òkú kì í ṣe ohun tuntun sí ọmọ Yorùbá. Ohun tó ń yà á lẹ́nu ni pé òkú ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún kí àwọn ọmọ ẹbí tó yọjú, nígbà tí ti ilé kì í dúró kí ara òkú tútù.

Ní Òkèhò, kò sẹ́ni tó ń wá ojú ogun kiri. Àhoro, ìyẹn ibi tí ìlú wà kí ó tó kó kúrò, jẹ́ ibi tí òkè yí ká, tí abúlé mọ́kànlá ti parapọ̀ lábẹ́ Onjo, ọba wọn, nígbà tí ogun ń da ilẹ̀ Yorùbá rú. Ogun tó lé wọn kúrò níbẹ̀ jẹ́ ti ayé òyìnbó. Captain W. A. Ross, tó jẹ́ Resident, ìyẹn aṣojú ìjọba òyìnbó ní Ọ̀yọ́, gbé agbára tó pọ̀ lé Aláàfin Ládìgbòlù Kìíní lọ́wọ́ lórí àwọn ìlú Òkè-Ògùn; kóòtù ìbílẹ̀ tuntun dé, ó ń tú ìgbéyàwó ká lọ́nà tí àwọn àgbà kò rí rí, iṣẹ́ tipátipá sì ń sú àwọn ènìyàn. Ní oṣù kẹwàá 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde. Wọ́n pa Onjo àti àwọn mìíràn tí wọ́n kà sí ẹni ìjọba, sójà dé, wọ́n so àwọn aṣáájú ọ̀tẹ̀ rọ̀ ní gbangba, ní 1917 ni ìjọba sì pàṣẹ pé kí Òkèhò kúrò láàárín òkè wá sí ibi tó wà lónìí, níbi tí ojú òyìnbó yóò ti tó o.

Ará òkèèrè tó bá fẹ́ wo àhoro náà kò lè kàn gun ọ̀kadà kí ó máa lọ. Ó ní láti kọ́kọ́ yà sí ààfin, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n bi í pé ọmọ ta ni, kí ó dárúkọ bàbá, kí wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, kí ó dárúkọ bàbá-bàbá, kí ẹnìkan tó pariwo láti igun kan pé ìyá-ìyá òun ni wọ́n jọ ta irú ní ọjà. Ìgbà yìí ni tíkẹ́ẹ̀tì já. Iye rẹ̀ kò sí lára ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ìtàn tí yóò gbọ́ lẹ́yìn èyí sì dá lórí agbo ilé tó bá jókòó sí, nítorí pé àwọn kan jẹ́ ọmọ àwọn tó dìde, àwọn kan jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n dìde sí, ìgbéyàwó sì ti so àwọn méjèèjì pọ̀ débi pé ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ ìtàn náà ní láti máa wo ẹni tó wọlé kí ó tó dé ibi tó le.

Ohun tí ó máa ń ṣe irú àlejò yìí ni pé, ẹni tó ka gbogbo pátákó ní Bosworth láìwúkọ́ máa ń sọ, bí ẹ̀gún bá ti fà á láṣọ lẹ́ẹ̀kan ní àhoro, pé àwọn ará ilé kò mọ iyì ìtàn. Ẹ̀sùn yìí kò tọ́ tán, nítorí pé ní 2017 Òkèhò ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n kó kúrò ní àhoro, kò sì sí ẹni tó ṣìnà débẹ̀. Síbẹ̀, ó ní ibi tó ti tọ́. Àwọn ìwé tí ìjọba òyìnbó kọ nípa ọ̀ràn 1916 wà ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó sì fẹ́ ka ohun tí J. A. Atanda, onímọ̀ ìtàn, tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1969 yóò wá a nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀. Ọmọ Òkèhò ní láti wọkọ̀ gba Ìsẹ́yìn kọjá kí ó tó rí ọ̀rọ̀ tí ọ̀tá kọ nípa bàbá-ńlá rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tó ṣí mùsíọ́ọ̀mù ogun sí Umuahia ní 1985 kò ṣàì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Bí ará òkèèrè bá sì fẹ́ san oore ìtàn padà, tó wá ń rò fún àwọn àgbà bí ogun Bosworth ṣe lọ, ìbéèrè wọn kì í dá lórí ilé tí wọ́n kọ́ síbi tí kò tọ́. Wọn yóò bèèrè àwọn afọbajẹ tó fi Henry joyè. Wọn yóò bèèrè ohun tí àwọn Stanley gbà, àwọn ìjòyè tó kó ọmọ ogun wá, tí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí wọ́n fi mọ ibi tí ogun yóò tẹ̀ sí kí wọ́n tó gbè sẹ́yìn Henry. Bí wọ́n bá sì gbọ́ pé oyè ńlá ni Henry fi ta èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn lọ́rẹ, wọn yóò ní irú wọn kò wọ́n ní Ìbàdàn, pàápàá bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.