Orin Onírin, Ẹnu Lásán
Van Canto, ẹgbẹ́ olórin heavy metal tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2006, yọ gìtá kúrò nínú orin tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìkì gìtá. Àwọn akọrin kan ń kọ orin gan-an. Àwọn yòókù dúró tì wọ́n, wọ́n ń pe "rakka-takka" pẹ̀lú ojú líle bíi ti agbowó-orí. Ìlù nìkan ni wọn ò fi ẹnu ṣe. Bóyá ìtìjú ló dá wọn dúró níbẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó bá fi ẹnu lu gángan nídìí oúnjẹ, ìyá rẹ̀ á ní kó panu dé kó jẹun. Àwọn wọ̀nyí fi tiwọn ṣe àwo. Ó ku ìbéèrè bóyá olórin heavy metal, orin onírin yìí, mọ̀ pé eré lòun ń ṣe. Aṣọ dúdú, awọ, irin ṣóńṣó lọ́rùn ọwọ́, orin ogun àti ikú: ó múra bí ẹni tó fẹ́ pa odindi ìlú run, síbẹ̀ ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èrò lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yọ̀, eégún Èkó, ní tirẹ̀ wọ funfun látòkè délẹ̀, ó dé akẹtẹ̀, ó mú ọ̀pámbàtà lọ́wọ́. Ẹni tó bá wọ bàtà kọjá níwájú rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà kì í ráyè béèrè bóyá eré ló ń ṣe.