Ẹni Tó Ṣu Ló Ń Gbé E

Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó bá gbé Èkó láyé agbépóò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà. Òru ni wọ́n ń wá, wọ́n á faṣọ bojú, wọ́n á fa póò yọ láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á gbé e karí. Onílé á ti sùn fọnfọn. Ọmọ tó bá yọ ṣùtì sí wọn, ìgbálẹ̀ ọwọ́ wọn ni yóò dá a lóhùn. Kò sí bàbá kankan nígbà náà tó máa rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí aṣu àti akó yóò di ẹnìkan ṣoṣo, tí onítọ̀hún yóò sì tún sanwó sí i.

Mo ní àbúrò kan ní Kalifóníà, ọmọ tí a rán lọ pọnmi lódò lẹ́ẹ̀kan péré lábúlé, tó fẹkún wálé. Ó pè mí lọ́jọ́ kan pé òun jẹ lọ́tìrì. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó là á yé mi: àṣẹ ló jẹ, àṣẹ láti gun òkè Whitney, kó sì sun òru kan létí adágún omi tó wà lókè lọ́hùn-ún. Òkè náà ga tó 4,421 mítà. Àfi kéèyàn dé Alaska kó tó rí èyí tó ga jù ú lọ ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù Karùn-ún títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, 60 èèyàn péré ni wọ́n ń jẹ́ kó gba ojú ọ̀nà náà lọ sùn lójúmọ́, kí èrò má baà ba ibẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, oṣù Kejì ni wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ìyà yìí.

Ẹ wá wo ẹrù. Àgọ́, sítóòfù tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, asẹ́ omi, àti agolo ràgàjì kan tí béárì kò lè ṣí. Òfin ni agolo yẹn. Oúnjẹ ń wọ inú rẹ̀, ọṣẹ ìfọyín náà ń wọ ibẹ̀, torí ohunkóhun tó bá ti ń ta sánsán, béárì gbà pé tòun ni. Ọkùnrin tó ní fíríìjì méjì nílé ló ń gbé gbogbo èyí sẹ́yìn gun òkè.

Ibi tó sùn ga ju 3,600 mítà lọ, òkúta lọ́tùn-ún, òkúta lósì. N kò ní purọ́, mo rí fọ́tò adágún náà: ó mọ́ lóló bíi dígí. Ṣùgbọ́n orí ń fọ́ ọ, atẹ́gùn tó ń mí sínú kò tó o, ìrẹsì rẹ̀ sì kọ̀, kò jinná. Bí omi bá ti gbóná tó nǹkan bíi 88 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì níbẹ̀, ó ti hó nìyẹn, kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ń hó kùtùkùtù, ìrẹsì ń wò ó níran.

Ilẹ̀ mọ́, inú sì yí i.

Kò sí ilé ìgbẹ́ lókè níbẹ̀ mọ́. Ó ti wà rí, ṣùgbọ́n wọ́n ti hú u kúrò. A kò lè gbẹ́lẹ̀, òkúta ni. Ohun téèyàn bá sì ṣu síbẹ̀, òtútù kì í jẹ́ kó jẹrà. Bí yìnyín bá yọ́, inú omi mímu ló ń bá a lọ. Torí náà, àpò ni wọ́n ń fún àwọn tó ń gun òkè náà, àpò méjì tó wọnú ara wọn, tí ìyẹ̀fun kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ nǹkan di bí ẹ̀kọ tútù. Wọ́n á lò ó, wọ́n á dì í, wọ́n á dá a padà sínú ẹrù wọn. Nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá ni àbúrò mi fi pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀, ẹrù náà ń mì lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́.

Mo bi í bóyá ó gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “mi ò gbàgbé fún ìṣẹ́jú kan.”

Èmi ò bá òfin àpò náà jà o; ó bọ́gbọ́n mu. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn tó ń dì í tán, tí wọ́n ń sọ ọ́ sẹ́yìn òkúta, tí wọ́n ń yàwòrán ara wọn létí omi, tí wọ́n sì ń bá tiwọn lọ sílé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè ló ń ṣa á kiri lẹ́yìn wọn. Agbépóò ti padà sáyé, àfi pé yunifọ́ọ̀mù ìjọba ló wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kò sì ní ìgbálẹ̀ tí yóò fi na ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ lọ́hùn-ún tó ń ta tẹ́tẹ́ yìí, ẹ bá mi sọ fún un pé ibi tí wọ́n ń da àpò náà sí wà nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Kó gbé e débẹ̀.