Abẹ Wà Níbẹ̀, Olórí Ò Sí

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àgbà tó kọ́kọ́ pa òwe yìí rò pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àríyànjiyàn nínú lòun sọ. Bí ẹ bá fẹ́ fárí, ẹ pe ẹni tó ni orí. Kó jókòó, kó tẹrí ba, kí omi kàn án lórí. Onígbàjámọ̀ tó máa ń wọ àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré mọ òfin yìí dójú àmì. Abẹ kan, òkúta kan àti agolo omi kan ni gbogbo ẹrù inú àpò rẹ̀. Kó tó gbé abẹ lé ọ lórí, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ wálẹ̀, á wá bi bàbá rẹ pé, "Ṣé ká fá a kodoro, àbí ká dá díẹ̀ sí?"

Àgbà yẹn ti lọ kí ayé tó dé ibi tó dé yìí. Bó bá wà láàyè, tó sì rí ohun tí àwọn ọkùnrin ń fi abẹ àtijọ́ ilẹ̀ Sweden ṣe, yóò ní kí wọ́n dá òwe òun padà fún òun.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀kan nínú wọn ní Ọ̀gbẹ́ni Alábẹ. Ó lè jẹ́ Stockholm ló ń gbé, ó lè jẹ́ Chicago. Abẹ mẹ́tàdínlógójì ló ní, inú àpótí onífèrèsé ni wọ́n tò sí, ìlú Eskilstuna ni gbogbo wọn ti wá. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà.

A ò ní sọ pé kò ní ojú o. Eskilstuna, ní ìwọ̀ oòrùn Stockholm, kì í ṣe ìlú kékeré nínú ọ̀rọ̀ irin. Láàárín ọdún 1650 sí 1660 ni Reinhold Rademacher ti ìlú Riga wá, tó kọ́ ilé àgbẹ̀dẹ ogún síbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ọba Karl X Gustav. Mẹ́fà nínú wọn ṣì wà lórí ìdúró lónìí. Irin tó ń jáde láti kòtò ìwakùsà Dannemora ní ilẹ̀ Sweden náà nígbà kan rí mọ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí àwọn ará Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ tiwọn yangàn káyé, fi ń kó o gba orí òkun lọ sílé. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti imí ọjọ́, tó máa ń sọ irin di ahẹrẹpẹ, kò pọ̀ nínú rẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ ló ń gba ẹnu tín-ín-rín, kó má ṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí orúkọ Heljestrand, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe abẹ ní Eskilstuna láyé àtijọ́, fi ń mú kí Ọ̀gbẹ́ni Alábẹ dá itọ́ mì. Ó mọ abẹ Berg, alábẹ mìíràn ní ìlú náà, níbikíbi tó bá ti rí i, torí ẹja ṣáàkì ni àmì rẹ̀. Ó sì lè fi wákàtí kan ṣàlàyé ti Engström fún ọ, èyí tí wọ́n fi abẹ pẹlẹbẹ há ẹ̀yìn irin bíi dígí nínú férémù. Bó bá rí 1874 lára rẹ̀, ó di kó máa pariwo pé ọdún 1874 ni wọ́n rọ abẹ òun. Nọ́ńbà kan náà wà lára ti aládùúgbò rẹ̀ àti lára ti ẹni tó tà á fún un. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ọdún yẹn ni àgbẹ̀dẹ náà kò sùn rárá.

Àárọ̀ ni wọ́n ṣe àwọn abẹ yìí fún. Òṣìṣẹ́ á jí, á ho ọṣẹ, á fá àgbọ̀n, á lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, Gillette gbé bíléèdì àlòsọnù dé ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1903 tó kọ́kọ́ tajà, ohun èlò ìfárùngbọ̀n 51 péré ló tà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fi ń parí, ìjọba Amẹ́ríkà ti ra nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 fún àwọn ọmọ ogun. Abẹ àgbẹ̀dẹ wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ, ìpáàrà bá a níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Alábẹ ti lọ gbé e jáde, tó sanwó gọbọi lé e lórí.

Ẹ wá wò ó nídìí iṣẹ́. Ó tẹ́ òkúta mẹ́rin sórí tábìlì: 1000, 4000, 8000, 12000. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ojú òkúta ń kúnná sí i. Ó da omi sí i, ó tẹ́ ẹ̀yìn abẹ àti ẹnu rẹ̀ pọ̀ sórí òkúta, ó ń tì í lọ, ó ń fà á bọ̀. Ó pọ́n ọn lórí 1000, ó fi irun apá dán an wò. Ó pọ́n ọn lórí 4000, ó tún fi apá dán an wò. Nígbà tó dé 8000, apá òsì ti tán, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó mú awọ, ó fi abẹ ra á lọ, ó fi ra á bọ̀, ẹ̀yìn abẹ ló ń ṣíwájú, torí bí ẹnu bá ṣíwájú, awọ gé nìyẹn. Ní ìparí, abẹ mú débi pé ó lè la irun kan sí méjì. Apá méjèèjì ń dán bí àwo tánganran, àgbọ̀n sì di igbó kìjikìji. Ẹ bi í léèrè ìdí tí kò fi fá a. Á ní abẹ náà ti dára jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bó bá mọ síbẹ̀, a ò bá rẹ́rìn-ín, ká fi í sílẹ̀. Ohun tó bá wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró síbẹ̀. Bí abẹ bá dúdú díẹ̀, ó fẹ́ kó dán bíi dígí, ó gbé e sídìí ẹ̀rọ tó ń yí bírí. Iná ni alágbẹ̀dẹ fi fún irin lágbára, iná náà ló sì lè gba agbára ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ha ẹnu abẹ títí tó gbóná, tó yí sí búlúù, ó parí. Yóò máa dán, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ pọ́n ọn, mímú rẹ̀ kò ní tọ́jọ́ mọ́. Sáńpépà á ha wúrà tí wọ́n fi ṣe ọnà sí i lára, á ha orúkọ alágbẹ̀dẹ nídìí rẹ̀. Lára èèkù, ẹnì kan ti fi ṣóńṣó ọ̀bẹ họ lẹ́tà méjì síbẹ̀ rí, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ baba kan tó ń fi í fá àgbọ̀n láràárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Alábẹ ha ìyẹn náà kúrò, ó ní òun ń dá abẹ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Níbí ni òwe àgbà ti yí biri. Abẹ tó yẹ kó máa fárí ló wá di orí tí wọ́n ń fá. Alágbẹ̀dẹ tó ni ín àti baba tó lò ó ti wà ní ibojì, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun pé, "Ó tó, má fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn."

Erin náà wà lára àwọn olórí tí kò sí níjòókòó. Eyín rẹ̀ ni èèkù ọ̀pọ̀ nínú abẹ wọ̀nyí. Láti ọdún 1989 tí àwọn orílẹ̀-èdè ti fòfin de títa eyín erin ilẹ̀ Áfíríkà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn, àwọn òǹtajà kan ti rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n ń pè é ní egungun màlúù. Wọ́n pa erin, wọ́n tún gba orúkọ lọ́wọ́ eyín rẹ̀.

Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n mọ̀ pé èèkù celluloid, oríṣi ike àtijọ́ kan, máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde bó bá ti ń bàjẹ́, pé afẹ́fẹ́ náà ń jẹ irin, nítorí náà wọ́n ń tètè yọ ọ́ kúrò kó má ba àwọn abẹ yòókù jẹ́. Wọ́n ń fọwọ́ nu ìpáàrà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Àmì iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tí kò pa abẹ lára, wọ́n á fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ wo àgbọ̀n wọn.

Nítorí náà, ìwọ tí ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ, nu ìpáàrà tó ń jẹ ẹ́, fi òróró díẹ̀ pa á, pọ́n ọn kó mú, kí o sì jẹ́ kí orúkọ tó wà lára rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà bu omi gbígbóná, ho ọṣẹ, jókòó síwájú dígí. Olórí ti dé. Fá a.