Ta Ló Lanu Ògiri?

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà sọ ọ́ tán, wọ́n dákẹ́, wọ́n gbà pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó fún ọmọlúàbí. Wọn ò mọ ará Èkó tó lówó lọ́wọ́. Ìyẹn kàn gbọ́ “ògiri” ni, ó ti sáré lọ ra búlọ́ọ̀kù.

Àrùn ògiri yìí kì í ṣe tòní. Ní 1897, Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Kò pẹ́ tí Joseph Chamberlain, mínísítà tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì mú sìn, fi ní kí àwọn òyìnbó máa gbé lọ́tọ̀, pé ara àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni ẹ̀fọn ti ń rí ibà bù. William MacGregor, gómìnà Èkó nígbà náà, tó jẹ́ dókítà, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí wọ́n fa omi àbàtà gbẹ, kí wọ́n sì pín oògùn kuníìnì fún funfun fún dúdú. Àmọ́ gómìnà ń lọ, gómìnà ń bọ̀. Nígbà tó kan Lugard, òfin 1917 ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀, ó sì fi ilẹ̀ òfìfo tó tó yáàdì 440 sáàárín, kí ó lè rẹ ẹ̀fọn lọ́nà. Báyìí ni Ìkòyí ṣe di àdúgbò koríko gígẹ̀ àti òjìji igi.

Ṣùgbọ́n ta ló ń se ọbẹ̀ níbẹ̀? Ta ló ń fọṣọ, tó ń gé koríko? Dúdú ni, bọ́ìs-kọ́tà ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sì ń sùn. Ẹ̀fọn ò fò kọjá yáàdì kankan. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fún un níyàrá.

Ní 1947, Hòtẹ́ẹ̀lì Bristol l’Ékòó kọ̀ láti gba Ivor Cummings sílé, nítorí pé ó jẹ́ dúdú. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni o! Ìlú gbaná, ìjọba sì fòfin de ìyàsọ́tọ̀ náà. Àdúgbò òyìnbó pa orúkọ dà, ó di ti ìjọba, àwọn ọmọ wa tí owó àti ipò ti dé ọwọ́ wọn sì wọlé. Àwọn tó ń bú ògiri lánàá wọnú rẹ̀ tán, wọ́n fi àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje 1990, lábẹ́ gómìnà ológun Raji Rasaki, katapílà wó Màrókò, ìlú àwọn mẹ̀kúnnù tó wà létí Victoria Island. Àwọn olówó ló ń gbé orí ilẹ̀ náà lónìí.

Ó wá kan àwa ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ẹ sọ̀ ní Seven-and-Eight, ní ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, kí ẹ yà wọ Àjàó Ẹ́sítéètì. Àdúgbò tí wọ́n fi okùn wọ̀n kí wọ́n tó kọ́lé ni. Lónìí, nínú irú ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀, onílé kan á sọ yàrá mẹ́fà di hòtẹ́ẹ̀lì, èkejì á sọ gáréèjì di ilé ọtí. Ẹ̀kẹta á da kọnkéré bo gọ́tà, kí ọkọ̀ rẹ̀ kẹta lè ríbi dúró. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á dáwó géètì.

Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ wá gbọ́ ọlọ́dẹ ní géètì.

“Mama, kóòdù yín ńkọ́?”

“Kóòdù kẹ̀? Èmi tí mo ti ń gbé ibí kí wọ́n tó bí ẹ!”

“Ẹ má bínú, Mama. Alága ló ní kí n máa béèrè.”

Mama á dúró lórí ìdúró títí ọmọ rẹ̀ á fi gbé fóònù. Ọmọkùnrin tó jí jẹnẹrétọ̀ Mama lọ́sẹ̀ tó kọjá ní kóòdù tirẹ̀. Ojúlé kejì sí ti Mama ló ń gbé.

Omi ò sì ní kóòdù. Bí òjò bá rọ̀ tí kánáàlì kún, àwọn ará Àjàó àti Òkè-Afá mọ ohun tójú wọn ń rí. Omi tó yẹ kó gba gọ́tà lọ á bá kọnkéré lójú ọ̀nà, á wá yà sí pálọ̀. Fẹ́ǹsì gíga tí kò jẹ́ kí olè wọlé kò sì ní jẹ́ kí omi jáde. Àga tìmùtìmù á máa léfòó, àfọ́kù ìgò á sì máa dán lókè.

Ní àdúgbò kan tí n ò ní dárúkọ, àwọn onílé pe ìpàdé lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì fẹnu kò: kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù ìlà méjì kún fẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ gọ́tà di ìpàdé tó ń bọ̀, nítorí ṣọ́ọ̀bù alága ló wà lórí rẹ̀.