Ọmọ Tó Lórúkọ Méjì ní Abuja

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tó pa òwe náà kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ìjọba yóò kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ, tí ilé yóò dàrú, kí wọ́n tó sáré wá orúkọ mìíràn fún un.

Ìparí ọdún 2023 ni. Àfikún ìṣúná tírílíọ̀nù 2.17 náírà dé iwájú àwọn aṣòfin. Nínú owó àwọn ọmọ ogun ojú omi, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: yọ́ọ̀tì ààrẹ, bílíọ̀nù 5.095 náírà. Bí èèyàn bá ti gbọ́ yọ́ọ̀tì, ohun tó ń rí lọ́kàn ni àwọn olówó tó ń gbafẹ́ láti erékùṣù dé erékùṣù, tí wọ́n ń ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níbi tí omi bá ti dákẹ́, tí wọ́n ń yan ẹja jẹ. Oṣù mẹ́fà kò tíì pé nígbà náà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù.

Òkun jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, lẹ́bàá ààfin Aláàfin. Títì ló sún mọ́ ọn: abala Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bíi kìlómítà 52, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ. Tírélà kì í ní ìdákọ̀ró, síbẹ̀ ó ń gúnlẹ̀ sínú kòtò níbẹ̀. Owó ọkọ̀ ń gorí ọjà. Kọ́ńgò èlùbọ́ tí ìyá ọlọ́jà máa ń bù tí yóò ga gogoro, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń gbá orí rẹ̀ báyìí, títí yóò fi tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Nígbà tí ariwo ta lórí yọ́ọ̀tì náà, agbẹnusọ ààrẹ ní ọmọ náà kì í ṣe ti ààrẹ rárá. Ọkọ̀ iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ni. Ohun èlò ààbò inú rẹ̀ ló sọ ọ́ ní ti ààrẹ. Orúkọ yí padà, owó kò yí padà.

Àwọn tó mọ òwò ọkọ̀ báyìí a máa sọ pé ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dún kan ń tó ìdá mẹ́wàá iye tí wọ́n rà á. Ìdá mẹ́wàá tiwa ju mílíọ̀nù 500 náírà lọ, kí ọkọ̀ tó kúrò lébùúté.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkun yí ká pàápàá wo ilé. Ọdún 1997 ni wọ́n fẹ̀yìn Britannia, yọ́ọ̀tì ọbabìnrin wọn, tì. Leith ló wà, tí àwọn èèyàn ń sanwó wò ó. Lọ́dún 2021, Boris Johnson, olórí ìjọba wọn nígbà náà, ní àwọn yóò kan òmíràn. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba wọn fagi lé e.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2023, Ilé Aṣojú-ṣòfin yọ owó yọ́ọ̀tì náà kúrò, wọ́n sì sọ owó ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di bílíọ̀nù 10 náírà. Ìlú mí kanlẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni Airbus A330 dé, tó gbé ààrẹ lọ sí Faransé. Èyí kò lórúkọ méjì. Bàálù ààrẹ ni gbogbo ayé pè é. Ẹni tó fẹ́ ti Akẹ̀sán dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní pápákọ̀ òfuurufú kankan láti sáré lọ, títì yẹn náà ló ń gbà.